Nígbà tí Ọlẹ̀ Bá Sọ: Ìrìn Ọ̀sẹ̀ 40 Inú Ilé Ọmọ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń béèrè ibi tí mo wọlẹ̀ sí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ óò rí ìdáhùn yín kí ẹ tó ka àròkọ yìí tán.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí oyún inú mi pé ọ̀sẹ̀ 31, mo wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Fóònù mi ló kú ní alẹ́ tó ṣáájú. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, kò sì dáhùn mọ́. Kì í ṣe owó fóònù ló ká mi lára. Àwòrán síkáànù ọmọ inú mi wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni áàpù kan tó ń sọ fún mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọmọ náà ti dàgbà tó. Mo gba Medical Road wọlé. Simbiat Abiola ni orúkọ tí ìjọba fún òpópónà náà, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn èèyàn kò tíì kúrò lórí ti àtijọ́. Mo yà sí Otigba, mo sì bá ẹnjiníà tó máa ń tún fóònù mi ṣe nídìí tábìlì rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jókòó," ni ó wí. "Síkírínì ló kú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Ẹ fún mi ní wákàtí méjì."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó mọ ibẹ̀ mọ bí ó ti rí: jẹnẹrétọ̀ ń bú níwájú ṣọ́ọ̀bù, orin ń dún lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọkùnrin ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ rà àti ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Wákàtí kejì ti ń lọ sópin kí n tó fura. Láti ìgbà tí mo ti jí, ọmọ inú mi kò tíì ta pútú.

N óò padà sórí bẹ́ǹṣì náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń ka ọ̀sẹ̀ bí ọlọ́jà ti ń ka owó.

Oṣù mẹ́ta tí a kì í pariwo

Ní ọdún méjì ṣáájú, mo ní oyún kan tó wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Àwa Yorùbá kì í pariwo oyún tí kò tíì yọ. Ìṣọ́ra ni, ó sì ní ọgbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí tèmi bàjẹ́, kò sí ẹni tó mọ̀ tí ì bá kí mi. Dókítà sọ fún mi pé kì í ṣe ẹrù tí mo gbé tàbí àtẹ̀gùn tí mo gùn ló fà á. Pé ọ̀pọ̀ nínú oyún tó ń wálẹ̀ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló jẹ́ pé àṣìṣe ti wà nínú àbùdá tí ọlẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tètè gbà. Nígbà tí oyún kejì dé, mo pinnu pé n óò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú mi, kí ìbẹ̀rù má bàa jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí mo ní.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni ìṣirò. Ọjọ́ kìn-ín-ní nǹkan oṣù tí obìnrin rí kẹ́yìn ni àwọn oníṣègùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọjọ́ 280, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ 40. Ìyẹn ni pé ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú ìṣirò náà, oyún kò tíì sí rárá. Lẹ́yìn náà ni àtọ̀ pàdé ẹyin nínú ọ̀nà tóóró tó lọ sí ilé ọmọ. Ẹyọ kan ṣoṣo náà pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, bí ó ti ń rọra yí lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ó dé ilé ọmọ, ó sì rì mọ́ ara ògiri rẹ̀. Nígbà tí obìnrin bá fi máa ṣàkíyèsí pé nǹkan oṣù òun kò wá, iṣẹ́ ti ń lọ ní pẹrẹu.

Iṣẹ́ tó ṣe kókó jù lọ sì tètè máa ń parí. Ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ bí ohun pẹlẹbẹ kan tó ká ara rẹ̀ bí ẹní, tí etí rẹ̀ méjèèjì sì pàdé. Kí oyún tó kọjá nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó yẹ kí ó ti pa ẹnu dé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kò bá pa ẹnu dé, ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè là sílẹ̀. Fólíìkì ásíìdì ló ń dín ewu yìí kù, máíkrògíráàmù 400 lójúmọ́, láti ìgbà tí obìnrin bá ti ń gbèrò àtilóyún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó dúró di ìgbà tí ikùn bá yọ kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ibi tó yẹ kó bá a ti kọjá lọ.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà yìí náà ni ẹ̀rọ ti lè rí i pé ọkàn ọmọ ń lù. Áàpù mi ń fi ọmọ wé èso òyìnbó tí n kò fojú rí rí. Mo bá ṣe tèmi. Ọ̀sẹ̀ 6, hóró ẹ̀wà kékeré. Ọ̀sẹ̀ 8, hóró ẹ̀pà, ìka ọwọ́ sì ti ń hàn. Ọ̀sẹ̀ 9, kóró àgbálùmọ̀. Ọ̀sẹ̀ 12, òrombó wẹ́wẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀sẹ̀ kóró àgbálùmọ̀ kọjá tí nǹkan kan kò ṣe, mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo sì sunkún.

Ní ọ̀sẹ̀ 12, gbogbo ẹ̀yà ara ọmọ ti wà ní ipò wọn: ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọwọ́, ẹsẹ̀. Ohun tó kù ni kí wọ́n dàgbà, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀rọ tó ń wo irin

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ya àwòrán inú mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí ọmọ tó ń na ẹsẹ̀ nínú omi, mo sì wádìí bí ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yóò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Computer Village tàbí ní àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà láti Ìkẹjà dé Agége.

Dókítà Ian Donald ní ìlú Glasgow, ní Scotland, ló gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe ìkòkò irin ńláńlá ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wá ibi tí irin ti sán nínú láìla irin náà. Ìró tó ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú irin, a sì máa ka ìró tó bá padà wá. Ní 1955, Donald di àwọn kókó tí wọ́n yọ nínú àwọn obìnrin sínú ọkọ̀, ó gbé wọn lọ sí ilé iṣẹ́ irin náà, ó sì fi ẹ̀rọ wò wọ́n. Ìró kókó tó le àti ti àpò omi yàtọ̀ síra. Òun, Tom Brown tí í ṣe ẹnjiníà, àti Dókítà John MacVicar tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1958. Ohun tí wọ́n fi ń wo irin ni a fi ń wo ọmọ wa lónìí.

Ọlẹ̀ sọ

Láti ọ̀sẹ̀ 13, èébì mi rọlẹ̀, ojú mi sì wálẹ̀ díẹ̀. Àkókò yìí ni mo mọyì ibi, ìyẹn ibi ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í pò pọ̀. Ara ibi ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀. Oúnjẹ àti atẹ́gùn rere ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ, ìdọ̀tí rẹ̀ ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ibi kì í dá gbogbo àlejò padà. Ọtí a máa kọjá, èéfín sìgá a máa kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni májèlé inú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kòkòrò ibà pàápàá a máa sá pamọ́ sínú ibi, ọmọ á sì kéré nígbà tí wọ́n bá bí i. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fún aboyún ní oògùn ìdènà ibà láti oṣù kẹrin, tí ó tún ń tẹnu mọ́ àpò ẹ̀fọn. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ lò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ 19, mo wà nínú dáńfó tó ń bọ̀ láti Agége nígbà tí nǹkan kan jà pẹ̀rẹ́ nínú mi, bí ẹja tó ta ìrù nínú omi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Mo kàn gbé ọwọ́ lé ikùn mi títí a fi dé Ìkẹjà. Ọlẹ̀ sọ, ni àwọn baba wa ń pè é. Ẹni tó ń ṣe oyún àkọ́kọ́ sábà máa ń mọ̀ ọ́n lára láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 20. Ẹni tó ti bímọ rí lè tètè mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ 20, ọmọ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 láti orí dé gìgísẹ̀, ó sì ti wúwo ju fóònù ọwọ́ mi lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ó ń gbọ́ràn. Ohùn ìyá rẹ̀ ló sì ń gbọ́ jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àròkọ mi sókè bí mo bá ti kọ ọ́ tán. Ọkọ mi ní mo ti rí ẹni tí yóò máa tún un ṣe fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ 28, ojú ọmọ ti ń ṣí, ó sì wúwo tó kìlógíráàmù kan, bíi láptọ́ọ̀pù kékeré.

Ohun tó máa ń pẹ́ jù ni ẹ̀dọ̀fóró. Ó nílò ohun ọ̀ṣọ̀rọ̀ bí ọṣẹ kan tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké inú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 24 ló ti ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 35 kó tó tó. Ìdí nìyí tí ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù rẹ̀ tó pé fi máa ń nílò ìrànlọ́wọ́ láti mí.

Orí bẹ́ǹṣì ní Otigba

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Otigba. Mo ra omi tútù, mo mu ún. Kò sí nǹkan kan. Mo tẹ ikùn mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé ó ń sùn ni. Mo sì mọ̀ pé oorun ọmọ inú kì í sábà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá wákàtí kan ààbọ̀. Mo tún sọ fún ara mi pé ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ní ilé ìwòsàn, pé kí n dúró di ọ̀la. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti dùbúlẹ̀ rí lórí ibùsùn tí wọ́n ti ń wá ìlù ọkàn tí wọn kò rí. Bí n kò bá lọ, wọn kò ní lè sọ ọ́ fún mi.

Ìyá tó ta omi fún mi ló ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé inú ń rún ọ ni?"

"Rárá, mà. Ọmọ ni kò yí láti àárọ̀."

"O wá jókòó síbí, ò ń retí fóònù? Dìde, ọmọ mi."

"Mà, ọ̀la ni mo máa lọ rí dókítà."

"Ọ̀la kọ́. Dìde."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti kọ òwe yìí sínú ìwé ìdánwò ní yunifásítì, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo rí i lójúkojú. Ìyá náà fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dì mí lápá mú, ó la èrò fún mi, ó sì dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró. Ẹnjiníà ké tẹ̀lé wa pé, "Àǹtí, ẹ máa lọ! Fóònù yín ń bẹ lọ́wọ́ mi!"

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti forúkọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ sí ikùn mi, ó gbé e kiri. Mo di ojú mi. Mo gbọ́ ariwo bí omi tó ń ṣàn, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: pu-pu-pu-pu, ó ń sáré, kò dúró. Ó jẹ́ 142 láàárín ìṣẹ́jú kan. 110 sí 160 sì ni ó yẹ kó wà. Wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀ sí i, kò sì pẹ́ tí ọmọ náà fi ta mí nípàá débi pé ẹ̀rọ yẹ̀. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti bẹ dókítà pé kó má bínú sí mi pé mo yọ wọ́n lẹ́nu lásán. Ó dá mi lóhùn pé, "Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ẹ tún wá."

Ẹ̀yin aboyún tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ìyá ti mọ ìṣe ọmọ inú rẹ̀: ìgbà tó máa ń ta, ìgbà tó máa ń sinmi. Bí ìṣe náà bá yí padà tàbí tó lọ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, ìbáà ṣe òru. Fóònù dára. Ní 2009, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyẹ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù kí wọ́n lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ṣùgbọ́n áàpù kò lè mọ̀ bóyá ọmọ rẹ yí lónìí. Ìwọ ló mọ̀. Ẹ sì má dúró di ìgbà tí nǹkan bá ṣe kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé ó kéré tán, ìgbà 8 ni kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera, kí ti àkọ́kọ́ sì bọ́ sí inú ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Ní oṣù tó kẹ́yìn, ọmọ ń sanra, ó sì yí orí sísàlẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ 37 ni a ti lè retí rẹ̀. Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní òru, nígbà tí ọ̀sẹ̀ 39 kọjá ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní tan yín jẹ: ìrọbí dùn mí, ó sì pẹ́. Ẹnu ilé ọmọ ní láti ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 10 kí orí ọmọ tó lè kọjá. Eegun orí ọmọ kò tíì so pọ̀, wọ́n sì máa ń gun orí ara wọn díẹ̀ kí ọ̀nà lè gbà á. Àlàfo tó wà láàárín wọn ni a ń pè ní àwùjẹ̀.

Bí orí ti yọ, àgbẹ̀bí ní kí n má tìí tẹ̀ mọ́. Ìwọ́ ti yí ọmọ náà lọ́rùn. Ó fi ìka gbé e, ó bọ́ ọ kọjá orí ọmọ bí ẹni ń bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó sì ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó wọ́pọ̀, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í la ewu lọ. Ọmọ jáde, ó ké. Igbe yẹn ni atẹ́gùn àkọ́kọ́ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró tí omi kún láti oṣù yìí wá. Nínú ọkàn rẹ̀, ihò kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà láti yẹra fún ẹ̀dọ̀fóró bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹnu dé. Wọ́n gbé e lé mi láyà, wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n tó gé ìwọ́, kí ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ibi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kìlógíráàmù 3.1 ni. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ.

Ilé tí a ń gbé, sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá rẹ̀. Ọkọ mi gbé ibi ọmọ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Agége, níbi tí ilẹ̀ ṣì wà, ó sì rì í síbẹ̀.

Bí ìyá ọkọ mi ti gbọ́ nípa ìwọ́, kò jẹ́ kí a dé ọjọ́ kẹjọ. "Àìná ni," ni ó wí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mú orúkọ tọ̀run wá, ìbí rẹ̀ là ń wò. Àlùfáà Samuel Johnson to àwọn orúkọ àmútọ̀runwá sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Mo ti kà wọ́n nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé fáìlì àgbẹ̀bí ni mo ń kà. Ìgè fi ẹsẹ̀ jáde. Òkè wà nínú àpò rẹ̀ tí kò fọ́. Ọmọ́pẹ́ kọjá ọjọ́ rẹ̀. Ìlọ̀rí wọ inú ìyá tí kò tíì rí nǹkan oṣù lẹ́yìn ọmọ tó ṣáájú. Òjó lọ́kùnrin, Àìná lóbìnrin, ìwọ́ kọ́ wọn lọ́rùn. Àwọn tó sọ ọmọ ní orúkọ wọ̀nyí ti fara balẹ̀ wo ìbí, wọ́n sì fi í pamọ́ síbi tí kò lè sọnù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pọn Àìná lọ sí Computer Village. Mo bá ìyá náà nídìí àtẹ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kò dá mi mọ̀. Nígbà tó mọ̀ mí, ó pariwo, "Ẹ kú ewu ọmọ!" títí àwọn ẹnjiníà fi yọjú. Lẹ́yìn náà ó yí sí ẹ̀yìn mi, ó wo ọmọ, ó sì gbé orí rẹ̀ tó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sípò.

Gbogbo aboyún tó wà láàárín wa, tibi-tire la ó gbọ́ ìròyìn yín. Ẹ̀yin tí oyún yín wálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí, mo kí yín lónìí. Ẹ kú ìfaradà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.